Àwọn Ìlà Tí Mo Pa Rẹ́ Ní Ìsàlẹ̀ Òkun

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí nínú ọkọ̀ ojú irin, tàbí ní àkókò ìsinmi níbi iṣẹ́ yín ní Malton lẹ́bàá Toronto, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan: títí di òní, ìyàwó mi kò lè ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣe. Bí àlejò bá bi í, á ní, "Orí omi ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́." Fàtí, ọmọ mi obìnrin tí a bí sí Toronto níbí, bi mí lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, ó ní, "Daddy, so basically you were a sailor?" Mo ní rárá o, ìsàlẹ̀ òkun ni mò ń yà sórí ìwé. Ó ní, "Like, with a pencil?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, pẹ́ńsùlù ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ní ti ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, wọ́n gbà títí wọ́n fi kú pé ẹja ni mò ń pa fún àwọn òyìnbó, wọ́n sì máa ń bi mí lórí fóònù bóyá wọ́n ń fún mi ní orí rẹ̀.

Iṣẹ́ náà nìyí. Nígbà láéláé, yìnyín tó nípọn ju òkè ńlá lọ bo gbogbo ilẹ̀ Kánádà, ó sì tẹ̀ síwájú wọ inú òkun níhà àríwá. Kò jókòó sójú kan. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ ilẹ̀ bí ọmọ ọlọ ṣe ń lọ ata. Nígbà tí ayé móoru, yìnyín náà yọ́, ó padà sẹ́yìn, ó sì fi ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun. Àwọn tó fẹ́ mọ bí yìnyín tó kù láyé lónìí ṣe lè yára lọ tó, àfi kí wọ́n béèrè bí ti àtijọ́ ṣe lọ. Kò sí ènìyàn tó wà níbẹ̀ tó lè jẹ́rìí. Ẹrẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ náà la sì ń bi.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, apẹja sì ni bàbá mi. Tí wọ́n bá ti ọ̀pá bọ inú ọ̀sà tó sì kan ìsàlẹ̀, wọ́n á fà á sókè, wọ́n á fi ìka méjì ra ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n á sì sọ ibi tí a wà láì gbójú sókè wo etídò. Èmi ò mọ̀ nígbà náà pé iṣẹ́ tí màá fi jẹun nílẹ̀ òtútù kò ju ọ̀pá yẹn lọ. Kìkì pé ọ̀pá tèmi jẹ́ ìró: ẹ̀rọ á rán ìró lọ sí ìsàlẹ̀ omi, ìró á kan ilẹ̀, á padà, bó bá sì ṣe pẹ́ tó kó tó dé la ó fi mọ bí omi ṣe jìn tó.

Bí mo ṣe dé Toronto kò gùn. Mo kàwé nípa ilẹ̀ àti òkúta, mo rí ìwé ìkéde kan lára ògiri, mo kọ lẹ́tà, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó ṣe fàájì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìlú tí kò ní òkun ni ọ́fíìsì àwọn tó ń ya òkun wà. Oṣù méjì nínú ẹ̀ẹ̀rùn la fi ń wà nínú ọkọ̀ ojú omi lápá àríwá, tí a ó sì fi oṣù mẹ́wàá yòókù jókòó sí Toronto máa tú ohun tí a gbọ́ níbẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Morag. Obìnrin tín-ínrín kan ni wọ́n, ọmọ apẹja láti etíkun ìlà-oòrùn Kánádà, ohùn wọn kò sì ròkè rí. Òyìnbó kò mọ "ẹ" mọ "wọ́n", gbogbo ọ́fíìsì ló ń pè wọ́n ní Morag lásán, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. "Boss" ni mò ń pè wọ́n fún ọdún mọ́kànlá. Gẹ̀ẹ́sì ni àwa méjèèjì ń sọ, àmọ́ mo ti gbé e sí Yorùbá fún yín níhìn-ín, torí bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nínú ọkàn mi náà nìyẹn.

Pẹ́ńsùlù pupa kan máa ń wà létí wọn. Bí o bá gbé máàpù wá, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n á wò ó láti igun dé igun, tí àṣìṣe kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, wọ́n á fi pupa yí i ká, wọ́n á ká ìwé náà, wọ́n á fi lé ọ lọ́wọ́. Wọn kò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìwọ ni kí o wá a. Máàpù àkọ́kọ́ tí mo yà, ìgbà méje ni wọ́n dá a padà. Èyí tí mo máa ń gbàgbé jù ni àmì tó ń fi ọ̀nà àríwá hàn. Mo lè ya gbogbo àfonífojì inú òkun kó pé pérépéré, kí n gbàgbé láti sọ fún ènìyàn ibi tó dojú kọ. Tí máàpù bá yege, wọn kò ní sọ pé o ṣeun. Wọ́n á mú pẹ́ńsùlù dúdú, wọ́n á kọ lẹ́tà méjì orúkọ wọn sí igun ìsàlẹ̀, kékeré báyìí, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Mo ti rí ọkùnrin onírùngbọ̀n tó fò sókè ní kọ́rídọ̀ nítorí lẹ́tà méjì yẹn. Èmi fúnra mi náà ti fò rí.

Òfin méjì ni wọ́n fi kọ́ wa. Èkíní: "Òkun kì í to nǹkan ní déédéé. Ohunkóhun tó bá tò ní déédéé lórí máàpù rẹ, ọkọ̀ ló ṣe é." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ìgbì bá ń gbé ọkọ̀ sókè sódò, ẹ̀rọ á rò pé ilẹ̀ ló ń lọ sókè sódò, á sì ya ìlà wínníwínní tó dọ́gba tí kò sí ní ìsàlẹ̀ rárá. Irọ́ ni ìlà bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ dànù. Òfin kejì: "A kì í sọ àkọsílẹ̀ tútù nù." Tútù bí ẹran tí a kò tíì sè: ohun tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbọ́, kí ẹnikẹ́ni tó fọ̀ ọ́, kí ó tó tún un ṣe. O lè se ọbẹ̀ rẹ bó ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n kí ẹran tútù wà nínú àgbá yìnyín. Ẹ fi òfin méjèèjì yìí sọ́kàn, orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Ẹ má rò pé ìyà nìkan la jẹ o. Ọdún tí Ràmádáànù bọ́ sí àárín ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn kò wọ̀ rárá níbi tí a wà. Mo gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, mo ń retí kí oòrùn wọ̀, oòrùn ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Alásè ọkọ̀ wá bá mi, àánú mi ti ṣe é. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, ìgbà wo gan-an lo fẹ́ jẹun? Nínú oṣù kẹsàn-án?" A lo rédíò ọkọ̀ láti fi béèrè lọ́wọ́ ìmáàmù wa ní Toronto, wọ́n sì ní kí n máa fi aago Toronto ṣínu. Láti ọjọ́ yẹn ni alásè ti máa ń lu ìkòkò fún mi bí aago Toronto bá ti lù, tí gbogbo ọkọ̀, onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́, á sì bá mi jókòó jẹun. Morag ló ń kọ́kọ́ na èso dàbínù sí mi. Ẹnu wọn kò mọ "ẹ kú ààwẹ̀", ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan ló ń jó ìlà sórí ìwé bí ìró bá ti ń padà wá, gbogbo yàrá á máa rùn bí iṣu tó jóná. Ojú kan ṣoṣo la ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ní tààrà lábẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀rọ tuntun dé tó ń tan ìró káàkiri lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tó sì ń gba gbogbo rẹ̀ padà pọ̀. Ó dà bíi kí ènìyàn ti máa fi ìka kan ṣoṣo tọ́ ojú ọmọ rẹ̀ wò nínú òkùnkùn, kí wọ́n wá ṣí fèrèsé. Mo rí àwọn ibi tí òkè yìnyín ti fi ìdí họ ilẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń kọ poro. Inú mi dùn débi pé mo ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀.

Apá òkun kan wà tó wọ inú ilẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, a máa ń pè é ní Kọ̀rọ̀. Gbogbo àwọn àgbà ìmọ̀ ló gbà pé yìnyín fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kúrò níbẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Morag nìkan ló ní rárá. Wọ́n ní yìnyín Kọ̀rọ̀ sáré ni, pé ó lè lọ láàárín ìgbà tí ọmọ fi ń jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti pé bí yìnyín ìgbà náà bá lè sáré bẹ́ẹ̀, ti òní náà lè sáré. Wọ́n dìde sọ ọ́ nínú ìpàdé ńlá. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Morag mú ẹ̀rí wá. Morag ní ẹ̀rọ tuntun yóò mú un wá.

Ẹ gbọ́ bí ayé ṣe rí. Obìnrin tó ti fi ogún ọdún rìn lórí yìnyín àríwá láì tàsé, yìnyín iwájú ilé rẹ̀ ní Toronto ló dá a lẹ́sẹ̀ ní òpin ìgbà òtútù ọdún tí a fẹ́ lọ. Wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ nínú símẹ́ńtì funfun, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ ló máa lọ. Má bà mí nínú jẹ́."

Ìgbì pọ̀ lọ́dún náà. Bí a ṣe ń yà Kọ̀rọ̀ lọ sókè lọ sódò, mo rí i lójú ẹ̀rọ: ìlà wínníwínní, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n dọ́gba, wọ́n dábùú ọ̀nà ọkọ̀ wa. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Ó tò ní déédéé, ọkọ̀ ló ṣe é. Mi ò tilẹ̀ ṣiyèméjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òkè yìnyín kan tó ń léfòó dojú kọ wá, awakọ̀ wa sì yà kúrò lọ́nà, ó gba àárín Kọ̀rọ̀ kọjá láti igun dé igun kí ó tó padà sọ́nà. Ìró ń lọ ní gbogbo ìgbà náà, àmọ́ ọ̀nà tí a yà gbà yẹn kò sí nínú ètò wa, n kò sì lò ó. Mo padà sí Toronto, mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fọ gbogbo ìlà kúrò, ìsàlẹ̀ Kọ̀rọ̀ sì jáde, ó ń dán bí orí apárí.

Morag fi ọjọ́ méjì wò ó. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan: "Ṣé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá?"

Mo ní, "Kò sí, Boss. Mo ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní."

Wọ́n kọ lẹ́tà méjì wọn sí igun rẹ̀. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, wọ́n dìde níwájú àwọn tó ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ṣìnà, wọ́n jókòó. Wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún méjì. Èmi ni wọ́n gbé sórí àga wọn. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ ohun tí kò lẹ́rìí ní ọ́fíìsì wa, wọ́n á ní ó ti ń ṣe "Kọ̀rọ̀ Morag". Èmi náà ti bá wọn rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ náà rí, mo sì ń fi ìtìjú kọ ọ́ síbí.

Ọdún gorí ọdún. Kọ̀ǹpútà kéré sí i, ọgbọ́n rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní báyìí, ẹ̀rọ wà tí kò ní ènìyàn nínú tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sábẹ́ yìnyín, tó ń ya ilẹ̀, tó sì ń fọ ìdọ̀tí ara iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ kò mọ òórùn ìwé jíjó. Mo máa ń dá wọn lápàárá pé ọwọ́ wọn funfun jù fún onímáàpù.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó fẹ̀yìn tì, ilé-iṣẹ́ ní àwọn fẹ́ kó yàrá ìpamọ́ jáde, pé kí wọ́n da àwọn téèpù àtijọ́ tí àkọsílẹ̀ tútù wà lórí wọn nù. Òfin kejì Morag ta mí nídìí. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tuntun kí n tó lọ, wọ́n sì gbà. Ibẹ̀ ni mo ti bá téèpù ọ̀sán ọjọ́ tí òkè yìnyín lé wa kúrò lọ́nà. N kò ṣí i wò rí. Mo ṣí i nítorí pé mo fẹ́ rántí awakọ̀ wa àti bó ṣe ń ṣépè lọ́jọ́ náà.

Àwọn ìlà náà wà níbẹ̀. Wọ́n wà níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ló ń ya ìlà, bí ọkọ̀ bá yà, ìlà náà á bá a yà. Ọkọ̀ wa yà, ìlà kò yà. Ilẹ̀ ló ni wọ́n. Ebè kéékèèké ni wọ́n: etí yìnyín a máa léfòó bí omi òkun bá kún, bí omi bá fà, á jókòó sórí ẹrẹ̀, á fún ẹrẹ̀ pọ̀ di ebè kan. Omi tún kún, yìnyín á sún sẹ́yìn, omi fà, á kọ ebè mìíràn. Ohun tí mo fọ̀ dànù ni àkọsílẹ̀ ọjọ́ yìnyín, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Àyè tó wà láàárín wọn fẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni yìnyín ṣe sún sẹ́yìn tó láàárín ìkún omi kan sí èkejì. Yìnyín Kọ̀rọ̀ sáré lóòótọ́.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn páálí téèpù. Irọ́ bó lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Morag ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, wọ́n sì wà ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan ní Bramalea, lápá kejì Toronto. Bí wọ́n bá kú kí wọ́n tó gbọ́, wọ́n á kú bí ẹni tó ṣìnà. N kò ní purọ́ fún yín, èrò kan sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Orúkọ mi ló wà lórí máàpù yẹn. Àsè ìfẹ̀yìntì mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Mo délé ní Ajax, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bàbá Fàtí, iṣẹ́ yín ò yé mi rí. Àmọ́ èyí yé mi. Ẹ ti gba nǹkan onínǹkan. Ẹ lọ dá a padà."

Mo ya Kọ̀rọ̀ tuntun, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ńlá, mo ká a sábẹ́ apá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ajax dé Union láàárín Toronto, mo tún wọ òmíràn lọ sí Bramalea. Ó dà bí ọjọ́ tí mo gbé máàpù àkọ́kọ́ wá.

Morag jókòó létí fèrèsé. Ara ti gbẹ, ọwọ́ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ojú wọn kò yí padà. Mo rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò fo nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti sọ pé mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, mo ní, "Èmi ni mo pa ẹ̀rí yín rẹ́, Boss. Ẹ dárí jì mí."

Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọ pé ohun tó bá tò ní déédéé, ọkọ̀ ló ṣe é?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni."

Wọ́n ní, "Èmi náà wò ó fún ọjọ́ méjì. Mo mọ ohun tí mò ń wá, n kò sì ní kí o gbé téèpù wá." Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì wọ́n léjìká. "Èmi ni mo fi òfin mi pa ẹ̀rí mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé nọ́ọ̀sì, ọmọ Yorùbá kan, yọjú wọlé bi mí pé, "Uncle, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Omi ti bò mí lójú, èmi náà sì ti ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n tẹ́ ìwé sórí tábìlì. Wọ́n gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti igun, wọ́n ń fi ìka tọ ebè kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́. Mo dúró lẹ́yìn wọn bí ọmọ iṣẹ́. Wọ́n nawọ́ sínú dúrọ́ọ̀ wọn, wọ́n mú pẹ́ńsùlù pupa jáde, wọ́n yí òfìfo kan ká lókè máàpù, wọ́n ká ìwé náà, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Wọn kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. N kò ní láti wá a. Mo ti gbàgbé àmì àríwá.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo tún wọ ọkọ̀ ojú irin méjì. Wọ́n wò ó láti igun dé igun, wọ́n mú pẹ́ńsùlù dúdú, wọ́n kọ lẹ́tà méjì wọn.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, ọ̀nà kan ò wọ ọjà, kì í ṣe dandan kí gbogbo yín jókòó ti kọ̀ǹpútà báńkì. Ohun yòówù kí ẹ mú, ẹ gba òfin lọ́wọ́ ọ̀gá yín, kí ẹ sì tọ́jú ẹran tútù, torí ọjọ́ tí òfin bá ṣìnà.

Níbi àsè ìfẹ̀yìntì mi, mo dìde, mo fi máàpù méjèèjì hàn, ti àtijọ́ àti ti tuntun, mo sì sọ ẹni tó ṣìnà àti ẹni tó tọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò tún sọ "Kọ̀rọ̀ Morag" láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ máàpù náà jáde, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ pè mí lórí fóònù. Ó ní lẹ́tà méjì kan wà nígun ìsàlẹ̀ tó rí wọ́gọwọ̀gọ, ó kún fún ìlà wínníwínní, ṣé kí òun fọ̀ ọ́ mọ́?

Mo ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.